Ọmọ Orí Àyà: Ìfẹ́ Tí À Ń Fi Wákàtí Kà

Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, tí kò wọ̀n ju kílò kan àbọ̀ lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rá lábẹ́ awọ. Òtútù kì í pẹ́ mú un. Lọ́dún 1978, ní Bogotá, orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, ẹ̀rọ tó ń mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ móoru kò kárí. Ọmọ méjì mẹ́ta ń pín ẹyọ kan, àrùn sì ń ràn láàrin wọn. Dókítà Edgar Rey ní kí àwọn ìyá fi àyà ara wọn ṣe ẹ̀rọ náà, bí kangarúù, ẹranko tó ní àpò níkùn, ṣe ń gbé ọmọ tirẹ̀.

Àwa mọ ọmọ pípọ̀n sẹ́yìn. Ti orí àyà yìí gba agbára jù ú lọ.

Ẹ bọ́ ẹ̀wù àti kọ́mú. Kí ọmọ wọ ìlédìí, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ nìkan. Ẹ gbé e ró sáàrin ọmú méjèèjì, àyà rẹ̀ mọ́ àyà yín, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, kí ojú rẹ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí àgbọ̀n rẹ̀ gbé sókè díẹ̀. Ó wá ku ọ̀já, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ìṣẹ́tí ọ̀já tòkè gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ etí ọmọ gẹ́lẹ́. Bí ó bá dẹ̀, ọmọ á yọ̀ wálẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ á tẹ àyà, ọ̀nà èémí á dí, kò sì ní lè ké. Ẹ fún un le níbi àyà, ẹ dẹ̀ ẹ́ níbi ikùn, torí ikùn ni ọmọ tuntun fi ń mí.

Wákàtí mélòó? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 8 sí 24 lójúmọ́. Ẹ má gbé e sọ̀kalẹ̀ kí wákàtí 1 tó pé. Gbígbé e sọ̀kalẹ̀ léraléra ń da ọmọ láàmú. Ìyá á fi ìrọ̀rí gbé ẹ̀yìn ró sùn, kò ní nà gbalaja. Ní wákàtí 2 sí 3 kọ̀ọ̀kan, oúnjẹ tún dé: bí ọmọ kò bá tíì lè fa ọyàn, ẹ fún omi ọyàn sínú ife, kí ẹ fi bọ́ ọ. Ìyá fẹ́ wẹ̀ ńkọ́? Kí bàbá bọ́ ẹ̀wù, kó gbà á. Irun àyà kì í ṣe àwáwí.

Ara méjèèjì á máa yí padà: mímí ọmọ á túbọ̀ tò, omi ọyàn á pọ̀ sí i. Nínú ìwádìí orílẹ̀-èdè 5 tó jáde lọ́dún 2021, tí Ilé-Ifẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é, wọ́n gbé àwọn ọmọ tí kò tó kílò 1.8 sáyà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí wọ́n bí wọn. Nínú 100, bíi 12 ló kú láàrin ọjọ́ 28. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dúró kí ara wọn balẹ̀, ó sún mọ́ 16. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró kí àsìkò rẹ̀ tó pé, torí àǹfààní rẹ̀ ti hàn.

Bí ara ọmọ bá tutù, tí kò jẹun, tàbí tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bó jẹ́ òru. Bí ó bá ti sún mọ́ kílò 2.5, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa tàpá, tí yóò máa yọ ara kúrò nínú ọ̀já. Ẹ tú u sílẹ̀ nígbà náà.