Ilé ẹni tó kọ ìwé ni ìwé ń sùn

(Ọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń wá ìwé àtijọ́ nípa ìlú wa, tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn àgbà àdúgbò sọ ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Bénin, nìyí. Mo tún un kọ fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀.)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin àbúrò mi. Mo rí àwọn tó ti Kétu wá. Ẹ kú ewu ọ̀nà o.

Ìtàn ìtìjú ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ yàrá ìwé ṣíṣọ̀wọ́n ní ilé ìkàwé yunifásítì kan lókè òkun, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá ìwé àtijọ́ nípa Kétu, ìlú Yorùbá tó wà ní Bénin níbí. Mo tẹ "Kétou" sínú kọ̀ǹpútà bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé, kò sí. Mo tẹ "Dahomey", ogun Àbọ̀mẹ̀ àti àwọn obìnrin ológun ló ń tú jáde. Mo tẹ "Bénin", wọ́n kó ère idẹ Ọba ìlú Ẹ̀dó kalẹ̀ fún mi. Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá àgbà kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wò mí títí, ó ní, "Ta ló kọ ohun tí ò ń wá?" Mo ní n kò mọ̀, Kétu ni mo ń wá. Ó ní kí n lọ wá ẹni tó kọ ọ́ ná, kí n tó padà wá. Inú bí mi débi pé n kò kí i pé ó dàbọ̀. Ó tó ọdún méjì kí n tó mọ̀ pé odindi iṣẹ́ yìí ni ìyá yẹn fi gbólóhùn kan kọ́ mi.

Ilé ẹni tó kọ ìwé ni ìwé ń sùn, kì í sùn sílé ẹni tí wọ́n kọ ọ́ nípa rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi Kétu náà ṣàlàyé. Àjàyí Crowther dé Kétu ní 1853, ọdún 33 ṣáájú kí ọmọ ogun ọba Dahomey, ti Àbọ̀mẹ̀, tó fọ́ ìlú náà ní 1886. Ohun tó bá fojú rí lẹ́nu irú ìrìn bẹ́ẹ̀, ta ló ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sí? Alákétu kọ́. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní CMS, ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà, ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Lónìí, àwọn ìwé ẹgbẹ́ náà wà ní Yunifásítì Birmingham, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Cadbury Research Library. Ẹni tó bá ń wá àpótí tí wọ́n kọ "Kétu" sí lára yóò pẹ́ níbẹ̀. Ohun tó wà lára ìwé Crowther ni C A2/O31.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nọ́ńbà yẹn dáadáa. Nínú ìṣirò àwọn CMS, A1 ni Sàró (Sierra Leone), A2 ni ilẹ̀ Yorùbá, A3 sì ni odò Ọya. Lẹ́tà "O" tó tẹ̀ lé e dúró fún ojúlówó ìwé tí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ fi ránṣẹ́ sílé. 31 wá ni nọ́ńbà Crowther fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn tí a ń kà, "CA2/031" ni ẹ ó rí nísàlẹ̀ ojú ewé: wọ́n ti sọ lẹ́tà O di òdo! Ẹni tó bá fi òdo tẹ̀ ẹ́ lè máa rò pé ìwé ti jóná, bẹ́ẹ̀ ó wà lórí pákó, ó jókòó jẹ́ẹ́.

Ti Àjàṣẹ́ yàtọ̀. Àwọn Faransé bá Ọba Sodji tọwọ́ bọ ìwé ààbò ní 1863. Ní 1864 àwọn fadá SMA, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Kátólíìkì, wá dá iṣẹ́ sílẹ̀ níbí. Nítorí náà, ẹ wá lẹ́tà àwọn fadá lọ́dọ̀ àwọn SMA ní Róòmù. Ẹ wá ti gómìnà àti àwọn kọmandá ní Aix-en-Provence ní ilẹ̀ Faransé, ní Dakar, àti ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tó wà ní Àjàṣẹ́ níbí. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì tó ṣiṣẹ́ ní etíkun yìí, yunifásítì SOAS ní Lọ́ńdọ̀nù ni ìwé tiwọn wà. Ìwé àtijọ́ Kétu ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ti Àjàṣẹ́ ń sọ Faransé, bẹ́ẹ̀ ìjọba kan náà ni gbogbo wa ń san owó orí fún.

Lẹ́yìn ẹni tó kọ ọ́, ó ku orúkọ. Etí àjèjì ló gbọ́ orúkọ wa, ọwọ́ àjèjì ló kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí Koelle, míṣọ́nnárì ará Jámánì tó ṣiṣẹ́ ní Sàró, tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí àwọn èdè Áfíríkà ní 1854, "Aku" ló pe èdè wa, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa ní Sàró. "Nago" ni àwọn Faransé ń pè wá, Bùràsíìlì náà gbé e bẹ́ẹ̀. Ní Kúbà, Lucumí ni wá. Ẹni tó bá wá láti Ṣábẹ̀ẹ́, kó gbìyànjú Savè, Shabe, Sabe, Tchabè. Ẹni tó bá ń wá Àjàṣẹ́, kó má gbàgbé Hogbonou. Kí ó sì máa rántí pé títí di November 30, 1975 ni wọ́n ń pe orílẹ̀-èdè yìí ní Dahomey. Nínú ìwé tó bá ti dàgbà ju ìyẹn lọ, "Bénin" sábà máa ń jẹ́ ti àwọn Ẹ̀dó, tàbí ti etíkun tí wọ́n ń pè ní "Golfe du Bénin". Èmi máa ń kọ gbogbo orúkọ wọ̀nyí sí ẹ̀yìn ìwé kékeré mi kí n tó jáde nílé, tí mo bá sì ti dán ọ̀kan wò, màá fagi lé e.

Íntánẹ́ẹ̀tì dára. Gallica ti àwọn Faransé àti HathiTrust ti Amẹ́ríkà ti gbé ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n tẹ̀ láyé àtijọ́ síta lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ ìwé àfọwọ́kọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú àká rẹ̀. Àwọn káàdì àtijọ́ wà nínú dúrọ́ọ̀, ìwé tí wọ́n fi taipùráítà tẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì òṣìṣẹ́ kan, òun nìkan ló mọ̀ pé ó wà. Ẹ béèrè. Ẹ kí i dáadáa kí ẹ tó béèrè.

Kí ẹnikẹ́ni tó ta ilẹ̀ nítorí owó ọkọ̀ òfuurufú, kó gba Ìgòlò kọjá sí Ìdírókò, kó forí lé Ìbàdàn ná. Ìwé Herbert Macaulay wà nínú Kenneth Dike Library ní yunifásítì ibẹ̀. Nínú ọgbà yunifásítì yẹn náà ni ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Nàìjíríà wà, ìwé CMS apá ilẹ̀ Yorùbá sì wà níbẹ̀ lábẹ́ àmì CMS(Y). Ẹ kọ lẹ́tà ṣáájú, ẹ mú ìwé ẹ̀rí dání, ẹ mú pẹ́ńsùlù. Wọn kì í jẹ́ kí bírò wọlé. Ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ funfun tí ẹ ń rí nínú fíìmù, ẹ gbàgbé rẹ̀. Fọ́tò ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún. Ọwọ́ tó mọ́ tó sì gbẹ ló dára fún bébà. Ìbọ̀wọ́ kì í jẹ́ kí ìka mọ etí ìwé, ibẹ̀ ló ti ń ya.

Ìwé Lárúbáwá tí àwọn àáfà fọwọ́ kọ ni mo fẹ́ràn jù, mo sì mọ̀ pé mo ti ń pẹ́. Wọn kì í sábà di í pọ̀. Ewé lásán ni, nínú àpò awọ, tàdáà dúdú, pupa díẹ̀. Báwo ni àáfà ṣe ń mọ èyí tó ṣáájú tí wọ́n bá tú ká? Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé lápá òsì: ẹ ó rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó dá dúró. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ojú ìwé tó kàn yóò fi bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá bára mu, nǹkan ti fò. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé bébà sókè sí ìmọ́lẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, òṣùpá mẹ́ta ni yóò jáde, wọ́n tò tẹ̀ léra, ọ̀kan kéré ju ọ̀kan lọ. Bébà Ítálì nìyẹn; ìdílé Galvani ní Pordenone wà lára àwọn tó ń ṣe é fún ọjà àwọn Mùsùlùmí, Tírípólì ló sì ti ń gba aṣálẹ̀ wá. Àáfà lè má kọ ọjọ́ sí i, àmọ́ kò lè fi bébà tí wọn kò tíì ṣe kọ̀wé. Láti 1964 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ibùdó kan tó dá lórí ìwé Lárúbáwá báyìí.

Nígbà tí mo parí, ìyá kan dìde. Ó ní àpò bàbá bàbá òun wà nílé, pé ọmọ òun fẹ́ fi scotch lẹ ibi tó ya. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ẹ gba scotch yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú: gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń pọ́n, á sì wọnú bébà lọ. Ẹ má sá a sóòrùn. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ nítorí ikán.

Ó na tẹlifóònù rẹ̀ sí mi, ó ti ya fọ́tò rẹ̀. Mo wo ọ̀rọ̀ tó dá dúró nísàlẹ̀, mo kà á, mo sún un sí fọ́tò tó kàn. Kò bára mu.

Mo ní, "Ìyá, ewé kan kò sí níbí o."

Ó ní, "Èyí tó kù wà lọ́wọ́ àbúrò bàbá mi ní Sakété. Ìgbà tí wọ́n pín ogún ni wọ́n pín in sí méjì."