Kí Ló Dé Táwọn Aládùúrà Fi Dá Ìjọ Tiwọn Sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Lọ́dún 1964 ni Adélékè Adéjọbí, tó ti kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ní Glasgow, dá Ìjọ Olúwa Aládùúrà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó di 1965, Kérúbù àti Séráfù náà dé. Akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ìjọ wọn. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń kàwé, wọ́n sì gbà pé àwọn ò ní pẹ́ padà sílé.

Ó yá, ibi tẹ́ ẹ ti máa ń ṣì í sọ rèé: "Àwọn òyìnbó ló lé wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì." Rárá o! Òótọ́ ni pé wọn ò fọ̀yàyà gba àwọn kan. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi yékéyéké: ALÁDÙÚRÀ NI PÚPỌ̀ NÍNÚ WỌN KÍ WỌ́N TÓ KÚRÒ NÍLÉ! Ẹni tí ìdánwò ku ọ̀la, tí ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún, tí lánlọ́ọ̀dù tún ń lé e jáde, ta ló fẹ́ rọ́ àlá òru àná fún? Ta ni yóò gbàdúrà sómi fún un? Àlùfáà òyìnbó lè fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn, kò ní rí ìyẹn ṣe. Mo tún un sọ: kí wọ́n tó wọ Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti mọ irú ìjọ tí wọ́n fẹ́.

Gáréèjì Ìwó Road n'Íbàdàn ni mo máa ń fi irú ìjọ bẹ́ẹ̀ wé. Ẹ ò tíì bọ́ sílẹ̀ tán, ẹnì kan ti ń bi yín pé, "Ibo lẹ̀ ń lọ?" Ẹ wo ẹnu ọ̀nà wọn nígbà òtútù: bàtà tò gbọọrọ síbẹ̀, àwọn tó ni wọ́n wà nínú ilé lẹ́sẹ̀ lásán, nínú aṣọ funfun. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá ìjọ kan á gbé mọ́ínmọ́ín lé yín lọ́wọ́, á béèrè ìlú yín. Kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́ tán, ó ti rántí ẹni tó ní yàrá tó fẹ́ fi háyà. Ibẹ̀ lẹ ti ń gbọ́ nípa iṣẹ́, ibẹ̀ lẹ ti ń dá àjọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá yín sọmọ lórúkọ.

Lónìí, kì í ṣe Aládùúrà nìkan mọ́. Lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí Yunifásítì Roehampton ka ìjọ aláwọ̀ dúdú 240 ní Southwark nìkan, ìyẹn àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Igba ó lé ogójì, ládùúgbò kan ṣoṣo!

Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì lọ̀pọ̀ wọn ń sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n dá orin Yorùbá, wọ́n á gbè é láìwòwé. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò gbogbo orin yẹn.