Ẹ Má Tíì Pa Ubuntu Yín Rẹ́: Ẹ Kọ́kọ́ Ka Ohun Tó Kọ Síbẹ̀

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá. Ṣọ́ọ̀bù mi ní Agbowó, lódìkejì Yunifásítì Ìbàdàn, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Láptọ́ọ̀pù tó wà níwájú mi yìí, tòkunbọ̀ ni, ara rẹ̀ ṣì le dáadáa. Ọmọbìnrin tó ni ín máa ń ya káàdì ìpè sí ìgbéyàwó. Lánàá ló gbé e wá, ó ní kí n pa gbogbo nǹkan inú ẹ̀ rẹ́, kí n dá Windows padà síbẹ̀.

Mo ní, "Kí ló ṣe é?"

Ó ní, "Bùọ̀dá, áàpù kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi sórí ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbìyànjú, kò gbà."

Mo bi í pé kí ni kọ̀ǹpútà náà kọ. Ó ní òun ò kà á. Bí òun ṣe rí lẹ́tà pupa báyìí, òun pa á dé ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n ṣe fídíò yìí. Lẹ́tà pupa tí ẹ ń pa dé yẹn, òun gan-an ló ń sọ ohun tí ẹ máa ṣe.

Ọ̀pọ̀ yín lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sórí Ubuntu, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, mo sì mọ ìdí ẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Windows 11 ní tirẹ̀ ń béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, èròjà ààbò inú kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó wà lọ́wọ́ wa ni kò sì ní in. Ubuntu 24.04, tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ọ̀fẹ́ ni, ìtọ́jú ọdún márùn-ún ló sì bá a wá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àṣà Windows tí a gbé wọ ibẹ̀ ló ń dà wá láàmú.

Lórí Windows, a máa ń wa fáìlì tó parí sí .exe láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, a ó wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ gbàgbé .exe níbí. Ubuntu ní ọjà tirẹ̀, ó sì ní ọmọ tó ń rán lọ síbẹ̀. Apt ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Ẹ sọ orúkọ áàpù tí ẹ fẹ́ fún un, yóò lọ mú un wá, pẹ̀lú gbogbo èròjà tí áàpù náà nílò.

Ẹ tẹ Ctrl, Alt àti T pọ̀. Ojú dúdú yìí yóò yọ. GIMP, áàpù tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe, ni ọmọbìnrin yẹn fẹ́. Ohun tó kọ nìyí:

sudo apt install GIMP

Sudo, ọ̀rọ̀ tó ń fún àṣẹ yín lágbára ọ̀gá kọ̀ǹpútà, yóò béèrè páásíwọ̀ọ̀dù yín. Bí ẹ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ẹ kò ní rí nǹkan kan lójú ẹ̀, kódà àmì ìràwọ̀ kò ní yọ. Kò bàjẹ́ o, ó ń gbọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ tán, kí ẹ tẹ Enter. Mo mọ ẹni tó tìtorí ìyẹn ra kíbọ́ọ̀dù tuntun.

Ẹ wo ohun tó kọ: "E: Unable to locate package GIMP". Ó ní òun ò rí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Lẹ́tà kékeré nìkan ni wọ́n fi ń kọ orúkọ lọ́jà yìí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọkọ àti ọkọ̀ kì í ṣe nǹkan kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì kékeré ló yà wọ́n. Mo kọ gimp. Ó tún dá mi lóhùn bákan náà.

Ìwé tí apt fi ń mọ ohun tó wà lọ́jà ló kù. Kọ̀ǹpútà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Ubuntu, ìwé ọwọ́ ẹ̀ kò tíì pé. Ẹ lè rán ọmọ lọ sí Bódìjà, kó máa wá ìyá aláta níbi tí ìyá náà ti kó kúrò. Ẹ ní kó lọ gba ìwé tuntun:

sudo apt update

Ibí gan-an ni ẹjọ́ wà. Ẹ sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà yìí. Ó kọ gbólóhùn gígùn kan, ìparí ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ kà: "is not valid yet". Ó ní àsìkò ìwé náà kò tíì tó. Mo gbójú sókè wo aago tó wà lókè: déètì ibẹ̀ fi oṣù méjì gbáko wà lẹ́yìn ọjọ́ òní.

Bí ẹnì kan bá mú rìsíìtì wá fún yín lónìí, tí déètì orí ẹ̀ jẹ́ ti oṣù tó ń bọ̀, ṣé ẹ máa gbà á? Ohun tí apt ń rò nìyẹn. Gbogbo ìwé ọjà Ubuntu ló ní òǹtẹ̀ àti déètì, kí ayédèrú má bàa wọlé. Tí aago yín bá wà lẹ́yìn, ìwé tòótọ́ á dà bí ayédèrú lójú ẹ̀.

Kí ló mú aago lọ sẹ́yìn? Mo tú ìdí láptọ́ọ̀pù yìí. Ẹ wo báàtìrì pẹlẹbẹ tó rí róbótó yìí, tí wọ́n fi ọ̀rá wé, tí wáyà pupa àti dúdú so mọ́ pátákó inú. CR2032 ni, fóòtì mẹ́ta. Òun ló ń bá aago ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà, ti èyí sì ti kú. Mo pààrọ̀ ẹ̀. Lẹ́yìn náà mo lọ sí Settings, System, Date & Time, mo tan ibi tí aago ti ń tún ara ẹ̀ ṣe láti orí íntánẹ́ẹ̀tì; ọmọbìnrin náà ti pa á nítorí dátà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á. Dátà tó ń jẹ kò tó nǹkan.

Mo tún apt update ṣe, ó gbà. Mo ní kó fi gimp sórí ẹ̀, ó ní: "Could not get lock". Ẹ má bẹ̀rù. Nǹkan mìíràn ló ń gba àtúnṣe lábẹ́lẹ̀. Balùwẹ̀ kan ṣoṣo ni ilé yìí ní, ẹnì kan sì wà níbẹ̀. Ẹ dúró kó jáde. Àwọn kan á ní kí ẹ pa fáìlì lock náà, ìyẹn àgádágodo balùwẹ̀ yẹn, rẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ṣe é lórí kọ̀ǹpútà oníbàárà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni mo tó rí i tún ṣe. Inú mi ò dùn sí i títí dòní.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó jáde. Gimp bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ó dé àárín, wọ́n mú iná lọ. Báàtìrì láptọ́ọ̀pù náà kò lè dá dúró, ó kú pátápátá. Nígbà tí mo tan jẹnẹrétọ̀, ohun tí apt sọ nìyí: "dpkg was interrupted, you must manually run 'sudo dpkg --configure -a' to correct the problem."

Ẹ tún un kà. Dpkg ni òṣìṣẹ́ tó ń bá apt to áàpù sínú kọ̀ǹpútà. Ó sọ pé iṣẹ́ ẹ̀ já lójú ọ̀nà, ó sì dárúkọ oògùn ẹ̀ fún yín. Mo da ọ̀rọ̀ tó wà láàárín àmì yẹn kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ó parí èyí tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo tún pàṣẹ apt install gimp, ó lọ mú ìyókù wá. Tó bá ṣì ń ráhùn pé èròjà kan kù, ẹ lo èyí:

sudo apt --fix-broken install

Àárọ̀ yìí ni ọmọbìnrin náà dé. Mo ṣí gimp fún un, mo tún lọ sí Settings, Keyboard, mo fi Yoruba kún àwọn kíbọ́ọ̀dù tó wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí àga yìí, ó tẹ "Ẹ wá bá wa ṣe ìgbéyàwó ọmọ wa" sójú káàdì, ó sì ní kí n wo àmì abẹ́ ọ̀rọ̀ náà bóyá ó pé. Ó pé.