Awọ Epìyà, Èèpo Edé àti Ojú Iná

Ẹ ṣeun, alága. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìjókòó. Ìwé ìkéde ní màá sọ̀rọ̀ lórí gbogbo ohun tí ìṣègùn ń rí fà yọ nínú ìdọ̀tí ẹja. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ìlú Fortaleza ní Brazil ni màá lo àkókò tán sí.

Ẹja tiwa ni epìyà, ilẹ̀ Adúláwọ̀ ló ti wá. Ní 1971, wọ́n kó epìyà odò Náílì láti Bouaké ní Côte d'Ivoire lọ sí ìpínlẹ̀ Ceará, tí Fortaleza jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Ó bí sí i, ó rẹ̀ sí i. Àwọn ilé iṣẹ́ ń gé ẹran rẹ̀ tà, awọ ń ṣẹ́ kù, wọ́n ń dà á nù. Dókítà Marcelo Borges ní Recife ló mú àbá wá pé ká fi awọ yẹn bo ojú iná, ìyẹn ọgbẹ́ ẹni tí iná jó. Edmar Maciel, Odorico de Moraes àtàwọn ẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ceará ló sọ ọ́ di ìwádìí ní nǹkan bí 2015.

Ẹ ti mọ bí a ṣe ń tọ́jú ojú iná: ìpara funfun onísílífà, báńdéèjì, ká tún tú u lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá ti dé wọ́ọ̀dù àwọn tí iná jó láàárọ̀ mọ igbe tí mò ń wí. Awọ epìyà kún fún collagen, purotéènì tó ń mú awọ dúró, tó jọ ti ara wa, ó ń lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́, kì í jẹ́ kó gbẹ. Bí iná ò bá jó jinlẹ̀, ó lè wà níbẹ̀ títí awọ tuntun yóò fi hù lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ọgbẹ́ ń yára jiná lọ títí o. Ìyàtọ̀ ọjọ́ kò tó nǹkan. Ìrora ló dín kù, oògùn apàrora dín kù, báńdéèjì dín kù. Ẹ bá mi sọ fáwọn tó ń pè é ní iṣẹ́ ìyanu lórí WhatsApp.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pè mí ní Dókítà Ọlọ́ṣẹ nílé iṣẹ́ wa. (Ẹ̀rín.) Awọ kọ́ ni iṣẹ́, fífọ̀ ni iṣẹ́. Wọ́n á ha ẹran kúrò lára awọ, wọ́n á fi oògùn apakòkòrò fọ̀ ọ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú glycerine tó ń le sí i títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ògidì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kó o lọ sí São Paulo, ó ju 2,000 kìlómítà lọ, kí wọ́n lè fi ìtànṣán gámà pa kòkòrò tó bá kù. Ẹ má gé awọ ẹja lọ́jà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmọ yín lára! Kòkòrò inú omi ni ẹ máa gbìn sínú ọgbẹ́ yẹn. Ọ̀rẹ́ mi oníṣẹ́ abẹ, tó ń mi orí níwájú yìí, á ní a ò ní irinṣẹ́. Sheda lẹ́bàá Àbújá ńkọ́, tí ilé ìtànṣán gámà wà? Ẹni tí yóò so ọlọ́jà, láàbù àti wọ́ọ̀dù pọ̀ la ò ní.

Àwọn ará Iceland ti so ó pọ̀ ní tiwọn. Awọ ẹja cod ni ilé iṣẹ́ wọn kan, Kerecis, fi ń ṣe oògùn ọgbẹ́. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2013. Ní 2023, ilé iṣẹ́ Coloplast ti Denmark gbà láti rà wọ́n ní iye tó lè tó bílíọ̀nù 1.3 dọ́là. Cod yìí kan náà ni wọ́n ń sá orí rẹ̀ tí wọ́n ń kó wá bá wa fún ọbẹ̀. Orí wá sọ́dọ̀ wa, awọ lọ sọ́dọ̀ olówó.

Ibẹ̀ ni ìyá kan tó ń ta ẹja ti nawọ́. "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló ń bó awọ ẹja ní Nàìjíríà? Tòun tawọ la ń tà á, tòun tawọ la ń jẹ ẹ́. Èèpo edé àti ti akàn ló ń rùn mọ́ wa lọ́rùn."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ti fọ́ ìdajì slide mi. Òótọ́ ni wọ́n sọ: ibi tí wọ́n bá ti ń gé nǹkan ni ìdọ̀tí rẹ̀ ti ń kó jọ. Nítorí náà mo fo Fortaleza tó kù.

Inú èèpo edé àti akàn ni chitin wà, òun ló wà lára ohun tó ń mú èèpo náà le. Inú olú ni Braconnot, onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé, ti kọ́kọ́ rí i ní 1811. Ásíìdì ló ń yọ kálísíọ́mù, kọ́sítíìkì tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò ló ń yọ purotéènì; bí kọ́sítíìkì bá wá le gan-an, chitin á di chitosan. Chitosan ru iná mànàmáná pọ́sítíìfù, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ru nẹ́gétíìfù, wọ́n á fà mọ́ra, wọ́n á dí ojú ọgbẹ́. Báńdéèjì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n ń jagun ní Iraq àti Afghanistan.

Ṣùgbọ́n omi ásíìdì àti kọ́sítíìkì yẹn, ṣé ọ̀sà la máa dà á sí? Bí omi tí akàn ń gbé bá sì dọ̀tí, irin olóró á wà nínú èèpo rẹ̀. Ẹ rí i pé mo ti padà sídìí ọṣẹ.

Alága ti ń tọ́ka sí aago. Akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè nípa ẹni tí akàn kì í bá lára mu. Purotéènì inú ẹran rẹ̀ ló sábà máa ń fa ìyẹn, fífọ̀ dáadáa ló sì ń yọ ọ́; síbẹ̀ ẹ kọ́kọ́ bi aláìsàn. Òwú tí dókítà fi ń rán ojú ọgbẹ́ àti chitosan tó ń gbé oògùn kiri inú ara, ó di ọjọ́ mìíràn.

Ìyá tún béèrè ẹni tí yóò ra èèpo lọ́wọ́ àwọn. Mo ní kí wọ́n má retí ilé ìwòsàn lákọ̀ọ́kọ́. Àwọn tó ń sọ omi di mímọ́ máa ń lo chitosan, wọn kì í sì béèrè ìmọ́tótó tó ti wọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ ká tà á fún wọn ná, ká fi kọ́ bí èyí tá a ṣe lónìí yóò ṣe rí bákan náà pẹ̀lú èyí tá a ṣe lóṣù tó ń bọ̀. Ìgbà yẹn la lè kan ilẹ̀kùn dókítà.