Ooru Ẹrẹ́nà, Àdánù Èbìbí

Ọ̀rọ̀ lórí ooru àti ọmọ bíbí ẹran, tí mo bá àwọn tó ń sin adìẹ àti màlúù sọ ní Abẹ́òkúta, rèé. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹyin yìí. Màmá kan tó ń sin adìẹ lọ́nà Alábàtà ló gbé e fún mi. Wọ́n wà láàárín wa níbí. Mo kàn fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó ti jìn wọlé. Màmá ní ẹni tó ń ta fíìdì fún àwọn ló rẹ́ àwọn jẹ. Wọ́n ti bá a jà, wọ́n ti pààrọ̀ fíìdì, èèpo ẹyin kò tìtorí ẹ̀ le.

Ooru ni. Adìẹ kì í làágùn. Ara rẹ̀ a máa gbóná tó bí 41 dígírì nígbà tí kò sí ohun tó ṣe é rárá. Bí ilé bá wá gbóná, ohun tó kù fún un ni kó yanu, kó máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bó ṣe ń mí bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń tú dànù, ara afẹ́fẹ́ yẹn sì ni adìẹ ti ń rí lára ohun tó fi ń mọ èèpo ẹyin. Ẹ tún fi ti àìjẹun kún un, torí ẹnu tó ń mí kì í ráyè jẹun. Èwo ni ti oní-fíìdì níbẹ̀?

Ti adìẹ ṣì rọrùn, ọjọ́ díẹ̀ lẹ ó ti rí i. Ti akọ màlúù ló ń tan wá jẹ. Kò ṣàdédé jẹ́ pé ìta ni ẹpọ̀n rẹ̀ wà: ó gbọ́dọ̀ tutù ju inú ara lọ ní dígírì 2 sí 6 kí àtọ̀ tó lè dára. Àtọ̀ yẹn a sì máa gba nǹkan bí ọjọ́ 61 kó tó pé. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ooru tó mú un ní Ẹrẹ́nà, nígbà tí àpáta Olúmọ ń jó èèyàn lẹ́sẹ̀, Èbìbí lẹ ó rí i, nígbà tí òjò ti rọ̀, tí koríko ti yọ, tí ara ti tu gbogbo wa. Akọ á gun abo, abo kò ní lóyún. A ó wá ní ayé ló ń ṣe wá.

Ní 2018, àwọn onímọ̀ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ooru ọjọ́ márùn-ún dán kòkòrò inú ìyẹ̀fun wò. Akọ tí ooru mú lẹ́ẹ̀kan, ọmọ rẹ̀ dín sí ìdajì. Èyí tó mú lẹ́ẹ̀mejì fẹ́rẹ̀ẹ́ má bí mọ́. Ooru kò dí abo lọ́wọ́ ọmọ bíbí, àmọ́ àtọ̀ tó ti wà nínú rẹ̀ bà jẹ́.

Ní ti ìjàpá òkun, gbígbóná iyanrìn ló ń pín akọ àti abo: bó bá ti kọjá nǹkan bí 29 dígírì, abo ló ń pọ̀. Ní àríwá Great Barrier Reef, àpáta iyùn inú òkun ní Ọsirélíà, ìwádìí kan tó jáde ní 2018 bá a pé nínú 100 ọmọ ìjàpá, 99 jẹ́ abo. (Arákùnrin kan pariwo pé kí wọ́n gbé òun lọ síbẹ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.)

Ẹ tún wo alángbá olórí pupa lórí Olúmọ. Orí tó ń mì yẹn ló fi ń fẹ́ ìyàwó, òun náà ló fi ń lé akọ mìíràn. Bí oòrùn bá kan àtàrí, ó ti sá wọ pàlàpálá àpáta, kò jẹun, kò fẹ́ ìyàwó. Ní Mẹ́síkò, àwọn onímọ̀ padà lọ sí ibi 200 tí alángbá wà tẹ́lẹ̀. Ní ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ibẹ̀, kò sí mọ́. Wákàtí tí wọ́n fi ń sá fún ooru lásìkò ọmọ bíbí ti pọ̀ jù.

Bàbá kan bi mí pé ṣé ká pa fámù tì ni. Mo ní rárá: ẹ bọ́ wọn ní ìdájí àti ìrọ̀lẹ́, ẹ má kó wọn pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí ilé ṣe gbọọrọ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn kí oòrùn má baà wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Bàbá ní nígbà tiwọn, abọ́lọ́rùn, adìẹ tí kò ní ìyẹ́ lọ́rùn, kì í bẹ̀rù ooru. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Abọ́lọ́rùn tó jogún ọrùn bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ìyẹ́ ara rẹ̀ a máa dín tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ooru á sì ráyè jáde lára rẹ̀. Àwa la ń pè é ní adìẹ tí kò dùn-ún wò.

Bí a ṣe ń dìde, màmá ẹlẹ́yin dá mi dúró: ṣé kí àwọn wá lọ bẹ oní-fíìdì ni? Mo ní kí wọ́n lọ. Wọ́n ní àfi tí mo bá máa tẹ̀lé àwọn.