Òdòdó Tó Lé Tìróò: Ohun tí Oyin Ń Rí tí Ojú Wa Ò Rí

Ẹ kú ìjókòó o. Kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bá mi pa iná gbọ̀ngàn yìí.

Tọ́ọ̀ṣì kékeré ọwọ́ mi yìí, Dùgbẹ̀ ni mo ti rà á. Irú èyí tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó wò kí wọ́n má baà gba ayédèrú ni. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni mo gún tí mo rẹ sínú spírítì, mo sì sẹ́ ẹ sínú ife. Ẹ wò ó, àwọ̀ ewé ni. Ó yá, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i… Ẹ ò rí i! Omi ẹ̀fọ́ ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Èròjà tó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀ ló gbé ìmọ́lẹ̀ tí a ò rí mì, tó sì bì í padà ní pupa. Àkekèé náà ń ṣe irú rẹ̀: ẹ tan tọ́ọ̀ṣì yìí sí i lóru, ara rẹ̀ á máa tàn bí iná búlúù tó fẹ́ jọ àwọ̀ ewé. (Ẹ má tàn án sójú ọmọdé o.)

Ṣùgbọ́n ohun tí oyin ń rí kọ́ nìyí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń ṣi èèyàn lọ́nà. Wọ́n á ya òdòdó tó ń tàn yanran nínú òkùnkùn, wọ́n á ní bí oyin ṣe ń rí i nìyẹn. Irọ́ ni. Ọ̀sán gangan ni oyin ń ṣiṣẹ́. Ìtànṣán ultraviolet inú oòrùn, irú ìmọ́lẹ̀ tí a ò rí tí tọ́ọ̀ṣì mi ń tàn, èyí tó ta lára òdòdó padà ni ojú rẹ̀ ń gbà.

Ará Jámánì kan, Johann Wilhelm Ritter, ló kọ́kọ́ ṣàwárí ìtànṣán yìí ní 1801. Ó tẹ́ èròjà fàdákà kan, èyí tí ìmọ́lẹ̀ máa ń sọ di dúdú, síbi tí àwọn àwọ̀ òṣùmàrè ti ń bọ́ sí. Ibi tí elésè àlùkò parí sí, tí ojú ò ti rí nǹkan kan mọ́, ibẹ̀ ló ti tètè dúdú jù. Lónìí a mọ̀ pé ìgbì rẹ̀ kò gùn tó 400 nanometer (nanometer kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan mítà). Awò àdámọ́ inú ẹyin ojú wa ló ń dí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ́nà.

Àwọ̀ mẹ́ta ni ojú oyin ń gbà: ultraviolet, búlúù àti àwọ̀ ewé. Kò mọ pupa.

Ẹ wá wo òdòdó oòrùn, mọ̀lẹ́bí jogbo tó kún ẹ̀gbẹ́ títì wa. Lójú tiwa, àwọ̀ ìyeyè ni ewé òdòdó rẹ̀ láti ìdí dé ṣóńṣó. Ẹ fi kámẹ́rà tó ń gba ultraviolet nìkan yà á: ṣóńṣó funfun, ìdí dúdú kirikiri. Bí gbogbo wọn ṣe yí àárín òdòdó ká, àfi bí ojú tí wọ́n lé tìróò sí. Àárín yẹn gan-an ni omi dídùn àti lẹ́búlẹ́bú òdòdó wà. Àwòrán ọ̀hún kì í ní àwọ̀. Bí ẹ bá rí àwọ̀ lára rẹ̀, ẹni tó yà á ló yàn án. Èmi fẹ́ràn èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ ní dúdú àti funfun jù.

Màmá kan níwájú nawọ́: “Ọmọ mi, ṣé torí oyin nìkan ló ṣe lé tìróò?”

Ẹ ṣeun, Mà. Rárá o. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ní Kánádà gbé iṣẹ́ jáde lórí òdòdó oòrùn inú igbó. Wọ́n rí i pé níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ, dúdú yẹn máa ń gbòòrò sí i, òdòdó tí tirẹ̀ gbòòrò kì í sì í tètè pàdánù omi ara rẹ̀. Tìróò tó ń pe oyin ló tún ń bá a ṣọ́ omi.

Màmá ní ó dáa, kí n yá òun ní tọ́ọ̀ṣì yẹn; àkekèé pọ̀ lẹ́yìn ilé òun ní Mọ́níyà.