Ọ̀dà ò gbé iná: wáyà earth lára ráàkì

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ráàkì tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, kọ́bọ́ọ̀dù irin tá a máa ń to ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà sí, a ti de gbogbo ẹ̀rọ mọ́ ọn tán. Bí wọ́n ṣe ń de sukúrúù, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Wáyà earth, èyí tó ń gbé iná tó bá jo sára irin lọ sílẹ̀, ni tiwa lónìí.

Ṣé ẹ ti fọwọ́ kan ráàkì rí tó ń ta yín lọ́wọ́ ṣín-ín ṣín-ín? Àwọn kan á ní kò séwu. Ewu wà ńbẹ̀! Power supply, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín iná, inú server (kọ̀ǹpútà inú ráàkì) kọ̀ọ̀kan máa ń jo iná díẹ̀ sára irin rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kò bàjẹ́. Wáyà earth ni iná yẹn ń gbà lọ. Bó bá já, mítà lè ka nǹkan bíi 115 volt lára ráàkì, ìdajì 230 tó ń wọlé. Bí ẹ̀rọ bá sì ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni iná tó ń jo ṣe ń pọ̀ sí i.

Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣì í ṣe rèé. Ẹni tó mú kámẹ́rà, jọ̀ọ́, sún mọ́ ọn. Ẹ wo bóòtù yìí: ó le dan-in, wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tú u. Ẹ rí i? Ọ̀dà dúdú ṣì ń dán níbẹ̀! Ọ̀DÀ Ò GBÉ INÁ! Gọ́tà tí ò kan òrùlé ni. Abẹ́ páànù ni mo dàgbà sí n'Íbàdàn, mo mọ ohun tí mò ń wí: bó wù kí ẹ fi gọ́tà dé títì, bí kò bá ti kan òrùlé, ara ògiri lomi ń gbà.

Ẹ mú sáńdípépà, kẹ́ ẹ ha á. Ẹ ṣì máa ha á sí i! Àfi kí irin funfun yọ kedere. Lẹ́yìn náà, wáṣà eléyín, tó máa ń bu irin jẹ, kẹ́ ẹ tó fi sípánà fún un. Ilẹ̀kùn náà gbọ́dọ̀ ní wáyà tiẹ̀. Ẹ má gbójú lé ínjìsì, ọ̀dà àti gírísì ló kún inú rẹ̀.

Kí wáyà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lọ tààrà sórí ọ̀pá bàbà inú ráàkì. Ẹ má so ti server mọ́ ti router. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá yọ router, server ò ní earth mọ́ nìyẹn. Láti orí bàbà yẹn, wáyà kan tó nípọn lọ sídìí earth ilé. Àti pé neutral, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, òun earth ò gbọdọ̀ pàdé nínú ráàkì. RÁRÁ! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gé ẹsẹ̀ gígùn ara plọ́ọ̀gì, ìyẹn ẹsẹ̀ earth, kó lè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀mí èèyàn lẹ̀ ń gé yẹn.

Ó yá, ẹ pa iná pátápátá. Mítà sí ohm: ẹnu kan lórí bàbà, èkejì lára irin ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, níbi tí kò ti sí ọ̀dà. Kò gbọdọ̀ tó 1 ohm. Bó bá wà ní nǹkan bíi 0.1, ó dára gan-an. Bó bá kọ OL, iná ò rọ́nà gbà. Ẹ padà síbi bóòtù, kẹ́ ẹ tún un ha. Ẹ wọn ilẹ̀kùn náà kẹ́ ẹ tó taná.